Bí Wọ́n Ṣe Yẹgi fún Mi ní Ìlà-Oòrùn, tí Mo Ṣì Wà Láàyè ní Ìwọ̀-Oòrùn

                                        Yàrá Kẹrin,
                                        Ilé Ìyáàfin Kowalczyk,
                                        Òpópónà Wellington,
                                        Chicago, Illinois.
                                        Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1946.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Wilma,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Ṣé ìgbáròkó yín ti ń jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn báyìí, àbí ó ṣì ń dùn yín bí òtútù bá ti dé? Bùrọ̀dá Otis ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Inú mi dùn, nítorí ọkùnrin tó bá jókòó sílé láti àárọ̀ di alẹ́, kò sí ohun tí kò ní rí wí sí nínú ìdáná ìyàwó rẹ̀. Bertie ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù? Lavinia ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá ológbò sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ? Ẹ bá mi dì mọ́ àwọn méjèèjì. Ara èmi náà le. Ẹsẹ̀ òsì mi nìkan ló ń ro mí, ẹ ó sì mọ ohun tó fà á láìpẹ́.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ohun méjì lẹ bi mí. Ẹ ní kí ló dé tí Màmá fi ránṣẹ́ sí yín pé wọ́n ti fẹ́ yẹgi fún mi, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin fi etí ara yín gbọ́ ọ pé Dókítà Vail ni ọlọ́pàá mú. Ẹ tún ní gílóòbù inú rédíò yín jó lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá Dókítà náà kú. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ gbé kọfí kaná, kí ẹ jókòó.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ìgbà tí Harlan ọkọ mi ti kú. Èmi ni Àǹtí Cordelia nínú eré “Ta Ló Ń Bọ̀ Lórí Àtẹ̀gùn?” Bàbá olówó kan, Josiah Thorne, ló ń gbé nínú ilé ńlá létí òkun, ẹnì kan sì tì í lulẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó rí apààyàn náà, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀: gbì, wọ́ọ́; gbì, wọ́ọ́. Ẹsẹ̀ kan ń tẹlẹ̀, èkejì ń wọ́ tẹ̀lé e. Láti ìgbà ooru ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ yìí, débi pé àwọn ọmọdé kò gbà láti dá gòkè lọ sùn mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Dunphy ará Milwaukee, tó ń ta ọbẹ̀ inú agolo, ló ń sanwó eré náà. Nítorí ọbẹ̀ yìí, a ò gbọdọ̀ fi májèlé pa ẹnikẹ́ni, a ò gbọdọ̀ sọ pé inú ń run ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tí ìbànújẹ́ bá tí kì í kọ́kọ́ mu ọbẹ̀ kó tó sunkún. Ọjọ́ tí a bá òkú Bàbá Thorne nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni gbogbo wa kọ́kọ́ mu.

Ohun tí mi ò rò pé mo sọ fún yín rí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń ṣe eré kan náà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú lọ́dọ̀ Màmá ní Ohio, oòrùn ṣì wà lókè lọ́dọ̀ yín ní Spokane. Nítorí náà a ó kọ́kọ́ ṣe é fún àwọn ará ìlà-oòrùn, a ó sọdá títì lọ jẹun, a ó sì padà wá ṣe é fún ẹ̀yin ará ìwọ̀-oòrùn, ọ̀rọ̀ kan náà, ẹkún kan náà, ọbẹ̀ kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ lẹ́nu wa, ó ti dé etí ayé, kò sí bí a ṣe lè kó o padà. Ẹ̀ṣẹ̀ tó sì burú jù lọ nídìí iṣẹ́ wa ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí ilé bá ń jó, kí èèyàn ṣáà máa sọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Thaddeus Pruitt ló ń ṣe Dókítà Vail. Ẹ mọ ohùn rẹ̀, ohùn tó dà bí ẹni ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì. Ó ti ṣeré lórí ìtàgé ní New York nígbà kan, kò sì jẹ́ ká gbàgbé. Nígbà tí wọ́n pín ìwé eré fún wa lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù yìí, a rí i pé Dókítà ni apààyàn, òun fúnra rẹ̀ ló máa jẹ́wọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá mú, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, nítorí ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n máa yẹgi fún un. Ìdájọ́ kì í pẹ́ lórí rédíò. Pruitt ka ìwé náà tán, ó ní ìwé náà dára. Ó yẹ kí n ti fura, nítorí kò yin ìwé kankan rí.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Olùdarí wa, Ọ̀gá Hoyle, wà lẹ́yìn gíláàsì níbi tí kò ti lè bá wa sọ̀rọ̀, ìka ọwọ́ ló fi ń darí wa. Boyd Tolliver, tó ń ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá, béèrè ẹni tó ti bàbá lulẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé ni kí Pruitt dáhùn pé òun ni. Ó sún mọ́ ẹ̀rọ, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

“Ọ̀gá ọlọ́pàá,” ó ní, “ó dùn mí láti sọ ọ́. Mo rí Cordelia lórí àtẹ̀gùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.”

Ọ̀gá Hoyle la ẹnu lẹ́yìn gíláàsì bí ẹja. Tolliver kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ohunkóhun tó bá bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ló máa ń gbé. Ó yí sí mi, ó ní kí ni mo rí sọ sí i. Mo mí sínú kí n lè sọ pé irọ́ ni. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti mí sínú. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Hoyle wo aago, ó rí i pé àsìkò ti lọ, ó na ìka sí ẹni tó ń tẹ dùùrù, ìyẹn sì da ọwọ́ méjèèjì bo dùùrù náà. Gbogbo ará ìlà-oòrùn gbọ́ bí mo ṣe mí, wọn ò gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Èémí yẹn ni wọ́n gbà bí ìjẹ́wọ́. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì bọ́ síta láti sọ fún wọn pé ọbẹ̀ adìyẹ dára fún ọ̀fìnkìn.

Nígbà tí a ń jẹun, Ọ̀gá Hoyle lọ tẹ Ọ̀gbẹ́ni Dunphy láago. Ìyẹn ní òun ò lè fi apààyàn méjì ta ọbẹ̀ kan ṣoṣo, ohun tí ìlà-oòrùn gbọ́ ni kí ìwọ̀-oòrùn gbọ́. Wọ́n ní kí Pruitt tún tọ́ka sí mi, kí èmi sì sọ ọ́ pé èmi ni. Pruitt ń jẹ páì ṣẹ́rì lọ́wọ́.

“Má bínú, Leonora,” ó ní. “Ìwọ ṣì lè ríṣẹ́. Àwọn eré ọ̀sán tí àwọn onílé iṣẹ́ ọṣẹ ń sanwó rẹ̀ máa ń wá ìyá àgbà. Irú èmi, ta ló máa gbà mí?”

Yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ Màmá ní Sandusky ní Ohio ni mò ń rò, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù Rudolf, ìbátan wa tó ń ta ekòló fún àwọn apẹja. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣé pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, ekòló ni n ó máa kó sínú agolo fún àwọn èèyàn?

Mo bá lọ bá Clem Oberholt, ẹni tó ń ṣe gbogbo ìró, láti orí ìjì títí dé orí ìlẹ̀kùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí Pruitt bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kàn mí, kó fi ẹsẹ̀ apààyàn sí i lábẹ́. Clem ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn kò gba òun láyè láti ṣe ìró tí kò sí nínú ìwé, ẹgbẹ́ náà kò sì gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ kan ẹrù òun.

“Àmọ́ ṣá,” ó ní, “bí Dókítà bá ń sọ̀rọ̀, mo máa fun imú. Ẹni tó bá ń fun imú ò lè rí nǹkan kan.”

Bó ṣe di pé mo ti ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà apààyàn nìyẹn. Bàtà ọkùnrin ńlá ni, irin wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó wúwo bí òkúta. Pátákó tí Clem máa ń rìn lórí rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí mo dúró. Pruitt sún mọ́ ẹ̀rọ, ó tún mí kanlẹ̀, ó ní ó dun òun láti sọ ọ́. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀: gbì, wọ́ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, lórí rédíò kò sẹ́ni tó ní ẹsẹ̀ kan ju èyí tí Clem bá fún un lọ. Pruitt dúró sójú kan pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ aláràbarà rẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí òun ṣe ń rìn. Ó dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dákẹ́. Ó fà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Ó wá sọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé, “Mi ò kúrò lójú kan o. Mo dúró níbí,” gbì, wọ́ọ́, bó ṣe ń sọ ọ́. Àwọn ará Oregon ní ìwọ̀-oòrùn ti gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn láti ìgbà ooru, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. Tolliver sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, “Dókítà, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?”

Ọ̀gá Hoyle ti gbé orí lé tábìlì lẹ́yìn gíláàsì. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú orí rẹ̀, ẹni tó ń tẹ dùùrù sì gbà pé àmì nìyẹn. Ohun tí ẹ̀yin gbọ́ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, wáyà tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ àti lẹ́tà kún ilé iṣẹ́ wa débi tí a kò rí ibi gbé àga sí. Wọ́n ní àwọn èrò méjì gbá ara wọn létí nínú ọkọ̀ ojú irin, ọ̀kan láti Boston ní ìlà-oòrùn, èkejì láti Sacramento ní ìwọ̀-oòrùn. Ìyáàfin Kowalczyk, onílé mi, kò gbà láti ṣíwájú mi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mọ́. Bó bá ti rí mi, á ní kí n kọ́kọ́ máa lọ, òun ń bọ̀. Màmá ní tiwọn lọ sílé aládùúgbò láti tẹ̀ mí láago.

“Leonora, mi ò ní kó o ṣàlàyé fún mi,” wọ́n ní. “Ọmọ mi ni ọ́, n ò ní tì ọ́ síta. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o ò lè fara da bàbá yẹn díẹ̀ sí i? Ó ti darúgbó, ì bá kú fúnra rẹ̀.”

Mo ní eré ni, Màmá. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé eré ni, kì í ṣe ohun tí àwọn ń sọ nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Dunphy wọ ọkọ̀ wá láti Milwaukee. A rò pé ó fẹ́ lé wa lọ lójú ẹsẹ̀ ni, àfi bó ṣe ń yọ̀. Ọbẹ̀ ti tán lórí pẹpẹ gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ìdajì ìlú fẹ́ kí wọ́n yẹgi fún Àǹtí, ìdajì fẹ́ kí wọ́n yẹgi fún Dókítà, òun ò sì ní ṣẹ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n yẹgi fún èmi fún àwọn ará ìlà-oòrùn. Kí á jẹun. Kí wọ́n yẹgi fún Pruitt fún àwọn ará ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn náà kí àwa méjèèjì máa lọ sílé. Ẹni tó ń kọ eré kò ní àsìkò, orúkọ nìkan ló pààrọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, Dókítà Vail ló máa yẹ̀ mí wò lẹ́yìn tí mo bá já bọ́, kó sọ pé mo ti kú. Nínú ti èkejì, Àǹtí Cordelia ló máa yẹ Dókítà wò. Bí Àǹtí Cordelia ṣe di ẹni tó ń yẹ òkú wò, ẹ má bi mí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni. Wọ́n fún mi ní ọbẹ̀ tòmátì mu, Clem ló bá mi ṣe ìró bí mo ṣe ń fà á. Ó fi ìró ẹsẹ̀ mú mi lọ sí ìdí igi, ó ṣe ìró pátákó abẹ́ ẹsẹ̀ mi tó ṣí, mo já bọ́, ìyẹn ni pé mo dúró sórí kápẹ́ẹ̀tì tí mò ń wò wọ́n. Ó wá ku ọ̀rọ̀ Pruitt. Ẹni tó bá já bọ́ lórí rédíò kò tíì kú, àfi bí ẹnì kan bá sọ pé ó ti kú. Pruitt wo ìwé rẹ̀. Ó wò mí. Mo ti ń rò ó bóyá Rudolf máa jẹ́ kí n wọ ìbọ̀wọ́ kó ekòló.

“Ó ṣì ń mí,” Pruitt wí.

Kì í ṣe àánú o. Ó ti rántí pé lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀mí tirẹ̀ máa wà lẹ́nu mi. Tolliver ní bó bá jẹ́ pé mo ṣì ń mí, òfin ní kí wọ́n tú mi sílẹ̀. Mi ò mọ irú òfin wo nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò mọ̀ ọ́n. Dùùrù dún. Ọ̀gbẹ́ni Dunphy lérí pé bí ẹnikẹ́ni bá tún jí nínú ti èkejì, òun máa lọ sanwó fún eré àwọn olórin.

Nídìí oúnjẹ, Pruitt ra páì fún mi. Ó da ṣúgà sínú kọfí mi, ó sì fi ṣíbí rò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Mo jẹ páì mi tán, ojú rẹ̀ sì ń funfun sí i.

A padà lọ. Wọ́n fún òun náà lọ́bẹ̀, wọ́n mú un lọ, pátákó ṣí. Mo sún mọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ti kú, ọ̀rọ̀ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n ti tú mi sílẹ̀. Bí òun bá lọ, èmi máa dúró. Mo wá wò ó. Wọn kì í fún ẹni tí wọ́n ti yẹgi fún ní ìwé eré, nítorí kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí yóò sọ mọ́. Mi ò rí Pruitt láìsí ìwé lọ́wọ́ rí. Ó dúró pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà níwájú bí ẹni tó di nǹkan mú, ó sì ń fi àtàǹpàkò ṣí ojú ìwé tí kò sí níbẹ̀. Mo dákẹ́. Ọ̀gá Hoyle ń na gbogbo ìka rẹ̀ sí mi lẹ́yìn gíláàsì. Clem ní òun ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti wà nílé iṣẹ́ náà, wọ́n sì sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ará California ń fi ọwọ́ gbá rédíò wọn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Inú bí mi pé àánú rẹ̀ ṣe mí.

“Ó ṣì ń mí,” ni mo wí.

Pruitt kò dúpẹ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó de okùn rẹ̀ dáadáa, ó wá sọ fún mi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ti gùn jù, pé ní New York wọn ì bá ti sọ nǹkan lù mí.

Nítorí náà, Dókítà kò kú, èmi náà kò kú, Ọ̀gbẹ́ni Dunphy kò sì lọ sọ́dọ̀ àwọn olórin, nítorí ọbẹ̀ tún ti tán lórí pẹpẹ. Àmọ́ ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ kú kó tó di ọjọ́ Ìdúpẹ́ ní ìparí oṣù yìí, nítorí bó bá ti di ọjọ́ náà, tòlótòló tí wọ́n máa sun jẹ nìkan ni àwọn èèyàn máa ń rò. Òkú Bàbá Thorne ṣì wà nílẹ̀, bàtà náà kò sì tíì ní ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́rú, ó pe èmi àti Pruitt sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó ń bá àgbà ilé sọ̀rọ̀, ó sì sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi bàtà náà fún, tí wọ́n á sì yẹgi fún lójú ẹsẹ̀, ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Ìdúpẹ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá ni. Tolliver ni. Wọn ò ní jẹ́ kó mọ̀ títí eré á fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á gbé ìwé lé e lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ, kó má baà ṣe bí Pruitt ti ṣe.

Lánàá, Tolliver gbé ápù wá fún wa láti oko bàbá ìyàwó rẹ̀, ó ti fi aṣọ nù wọ́n kí wọ́n lè máa dán. Ó ní ìyàwó òun máa bímọ nínú oṣù kejì, àwọn sì ti gba ilé tó ní ọgbà lẹ́yìn. Mo bi í pé ṣé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí iṣẹ́ yìí tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nínú eré bíi tiwa, ọlọ́pàá nìkan ni ọwọ́ ò lè tẹ̀. Ẹni tó ní kí wọ́n tú mi sílẹ̀ nìyí, Ẹ̀gbọ́n mi, tó hùmọ̀ òfin fún mi láti inú afẹ́fẹ́. Mo di ápù rẹ̀ mú, mo sì fẹ́ sọ fún un. Pruitt fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Mo bi Tolliver irú kọ́tìnnì tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ ta sójú fèrèsé.

Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá Otis, ẹ kí àwọn ọmọ, ẹ tọ́jú ìgbáròkó yín nínú òtútù yìí. Mo fi owó díẹ̀ sínú àpòòwé yìí kí ẹ fi ra ìbọ̀wọ́ fún Lavinia. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Ìdúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ eré wa. Ẹ jáde lọ kí àwọn ará àdúgbò.

                                        Èmi ni tiyín, àbúrò yín tó ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́,
                                        Leonora.